Ike dúdú ara ọkọ̀ mi ti ṣá, ṣé mo lè gbé ẹ̀rọ pólíìṣì lé e?

Ọkọ̀ỌdúnMéjìlá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ mi ti pé ọdún 12 báyìí, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkankan, pẹ́ǹtì ẹ̀ náà ò burú, àmọ́ gbogbo ibi tó jẹ́ ike dúdú tí wọn ò kùn lára ẹ̀, ìsàlẹ̀ bọ́ńpà níwájú àti lẹ́yìn, orí táyà yíká, ìdí dígí ẹ̀gbẹ́, ibi tí wáípà jókòó sí, gbogbo ẹ̀ ló ti ṣá tó wá funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣeré nínú eruku tí wọn ò fi ìpara pa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ pólíìṣì, èyí tó ń yí tó tún ń mì lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì àti àwọn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé, ó jáde bíi dígí, inú mi dùn gan-an, ni mo bá ní kí n kúkú gbé e lé ike náà. Kí n tó ṣe é ni mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Àwọn ike yẹn ò rí bákan náà o. Tara bọ́ńpà rí ṣákiṣàki bí awọ. Èyí tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn ń dán, ó dúdú, àmọ́ ó ti kún fún àlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn tí oòrùn bá tàn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún yí wíńdò ká, mo rò pé álúmínọ́mù ni, ó ti ní àbàwọ́n funfun bíi wàrà. Nígbà tí mò ń ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, pólíìṣì ta sí ike abẹ́ wáípà, ó gbẹ síbẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀gáAfọkọ̀:
Ẹ má gbé e lé èyí tó rí ṣákiṣàki yẹn o, mo bẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Pẹ́ǹtì ọkọ̀ ní ìpele, èyí tó wà lókè pátápátá ò láwọ̀, pólíìṣì máa ń gé fẹ́ẹ́rẹ́ lára ẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè tẹ́jú, ohun tó ń jẹ́ kó dán nìyẹn. Ike bọ́ńpà ò ní ìpele kankan, bó ṣe rí lóde náà ló rí nínú. Ojú ṣákiṣàki tẹ́ ẹ rí yẹn, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí i lára, òun ló ń jẹ́ kó dúdú láì dán. Tẹ́ ẹ bá wá gbé fóòmù ẹnu ẹ̀rọ pólíìṣì lé e, àwọn orí wẹ́wẹ́ tó yọ sókè yẹn ni fóòmù máa fá lọ, ibẹ̀ á wá máa dán bí ìdí ṣòkòtò tó ti gbó, kò sì sí kẹ́míkà kankan tó lè dá ojú ẹ̀ padà. Pólíìṣì á tún kó sínú àwọn kòtò tó kù, á gbẹ síbẹ̀, á funfun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ wáípà yín gan-an nìyẹn.

Ooru náà tún wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tú bọ́ńpà tẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i tí wọ́n tẹ PP+EPDM sí i. EPDM jẹ́ irú rọ́bà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, PP yẹn ni polypropylene, ike náà gan-an, ó máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 160 sí 165 dígírì, kó tó débẹ̀ ló sì ti máa ń rọ̀. Irin máa ń gbé ooru lọ, ike ò gbé e lọ síbì kankan, ojú kan náà ló ń dúró sí.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi ṣá nígbà náà? Oòrùn ni. Wọ́n máa ń po carbon black mọ́ ike yẹn, ó dà bí ẹ̀dú tí wọ́n lọ̀ kúnná, òun ló ń fún un láwọ̀, òun náà ló sì ń gba ìyà oòrùn jẹ fún un. Tó bá pẹ́, ìtànṣán UV á bẹ̀rẹ̀ sí í já ohun tó so ike náà pọ̀, ojú ẹ̀ á sán wẹ́wẹ́ débi tí ojú lásán ò lè rí i, tí ìmọ́lẹ̀ bá wá bọ́ sí i á fọ́n káàkiri, àwa á máa rí i bíi funfun. Ẹ da omi lé e wò, lójú ẹsẹ̀ ló máa dúdú padà, torí omi ti dí àwọn ibi tó sán yẹn, tí omi bá gbẹ ó tún di funfun. Ohun tá à ń wá ni nǹkan tó máa ṣe bí omi yẹn ṣe ṣe é, àmọ́ tí ò ní gbẹ lọ. Kó tó lè wọlé, ike gbọ́dọ̀ mọ́ dénú. Fífọ̀ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ìyókù ò ju kéèyàn fi aṣọ nù ún lọ.

ÌyáOnímọ́tò:
Òótọ́ lẹ sọ, Ọ̀gá. Fífọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, tí wọ́n á wá máa sọ pé ọjà tí wọ́n rà ò dáa.

Bí mo ṣe ń fọ tèmi rèé. Ibòji ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí, ike gbọ́dọ̀ tutù, torí tó bá gbóná ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára. Mo máa ń po all purpose cleaner, ìyẹn ọṣẹ olómi tó ń fọ oríṣiríṣi nǹkan, ìwọ̀n 1 sí omi 10, tí ìdọ̀tí bá le gan-an mo lè po 1 sí 4. Mo fọ́n ọn sí i, mo dúró bí ìṣẹ́jú kan, mo wá mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun ẹ̀ ò le jù, mo fọ̀ ọ́ yípo, mo fọ̀ ọ́ lọ síwá sẹ́yìn, mo tún fọ̀ ọ́ lọ sókè sódò, torí àwọn kòtò ojú ike yẹn ò dojú kọ ibì kan ṣoṣo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, bọ́ńpà tí mo rò pé ó mọ́ ni o, hóò tó jáde lára ẹ̀ rí bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ mẹkáníìkì. Mo ṣan án, mo fi táwẹ̀lì funfun nù ún, táwẹ̀lì dúdú. Mo tún fọ̀ ọ́, táwẹ̀lì ṣì dúdú. Ìgbà karùn-ún ni táwẹ̀lì tó jáde bó ṣe wọlé, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti fọ ọkọ̀.

Nǹkan tó ń jáde yẹn kì í ṣe eruku nìkan. Àwọn òróró ìpara tí wọ́n ti ń fi pa á láti ọdún yìí wá wà níbẹ̀, sílíkónì pọ̀ nínú wọn, ojú ike tó ti ṣá tó sì ti di lẹ́búlẹ́bú náà wà níbẹ̀. Tó bá ti gbẹ tán, mo máa ń fi isopropyl alcohol, ìyẹn spírítì tí wọ́n fi ń nu nǹkan, tí mo fi omi là, ìdajì sí ìdajì, nù ún ní àkótán, kí òróró kankan má ṣẹ́ kù. Ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má sì tan iná ńbẹ̀.

Ti pólíìṣì tó gbẹ sábẹ́ wáípà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù àti omi ọṣẹ yẹn kan náà, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ dáa jù. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi írésà funfun, tọmọ ilé ìwé, pa á rẹ́ bí ẹ ṣe máa pa ohun tẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ. Ó máa ń kó pólíìṣì yẹn jáde nínú kòtò.

Ọmọ_Pẹ́ńtà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Èmi ò kọ fífọ̀, àmọ́ heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ni mo fi ṣe tèmi, ojú mi báyìí ni ike ń dúdú bí kóró iṣin bí mo ṣe ń gbé e kọjá, mi ò sì ra nǹkankan kún un. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀?

Ọ̀gáAfọkọ̀:
Àbúrò mi, ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ́ ojú ike fẹ́ẹ́rẹ́ kí àwọn ibi tó sán lè dí. Àmọ́ ààbò tí oòrùn ti jẹ tán, heat gun ò dá a padà, láàárín oṣù díẹ̀ ó tún ti ṣá, tó o bá tún yọ́ ọ, ìgbà mélòó lo fẹ́ yọ́ ike kan náà? Ẹnu heat gun lè mú atẹ́gùn tó tó 500 dígírì jáde, mo sì ti sọ iye tí ike yẹn ń yọ́.

Mo ṣe é fún ẹnìkan rí, ike orí táyà ẹ̀yìn. Mò ń gbé e lọ dáadáa, ẹnìkan pè mí látẹ̀yìn, mo wẹ̀yìn, kò ju kéèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nígbà tí máa fi yíjú padà, ibì kan tó tó owó ẹyọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, ojú ṣákiṣàki ẹ̀ ti lọ, pẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ti wú. Mo ra ike míì fún un, mo sì tún san owó pẹ́ǹtì. Láti ọjọ́ yẹn mi ò gbé e sún mọ́ ara ọkọ̀ tí wọn ò tú ike ẹ̀ sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ lò ó dandan, tú ike kúrò lára ọkọ̀, kó o sì máa gbé ọwọ́ lọ ní gbogbo ìgbà.

Ọmọ_Pẹ́ńtà:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ti pẹ́ǹtì tó wú yẹn bà mí lẹ́rù.

Onírin:
Mo ti ń retí kí ẹnìkan dé orí irin yí wíńdò ká yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ẹ fi èékánná kàn án kó kó kó, tó bá dún bí ike, ike tí wọ́n fi kúróòmù bò ni. Ẹ gbé màgínẹ́ẹ̀tì sí i, álúmínọ́mù ò ní mú un, ọ̀pọ̀ síténlẹ̀sì ara ọkọ̀ máa mú un, àmọ́ àwọn síténlẹ̀sì kan wà tí ò ní mú un, torí náà ẹ má fi màgínẹ́ẹ̀tì nìkan dájọ́. Àbàwọ́n bíi wàrà tẹ́ ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n fura sí álúmínọ́mù tí wọ́n anodise, ó pọ̀ lára ọkọ̀ Jámánì. Iná mànàmáná ni wọ́n máa ń fi mú kí ìpele kan hù sórí álúmínọ́mù náà nínú ásíìdì, ìpele yẹn mọ́ kedere, ó le, àmọ́ ó tín-ínrín. Ọṣẹ líle ló máa ń jẹ ẹ́, pàápàá àwọn ọṣẹ onífóòmù tó le koko àti èyí tí wọ́n fi ń fọ rímù. Àbàwọ́n tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn, ìpele yẹn fúnra ẹ̀ ló ti jẹrà, ìdí nìyẹn tí fífọ̀ ò fi lè mú un lọ, tẹ́ ẹ bá sì lo ọṣẹ tó le sí i ẹ̀ ń dá kún un ni.

Ẹ̀rọ wúlò níbí. Ẹ mú aṣọ funfun, ẹ fi pólíìṣì irin tó kúnná díẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ yí i ní kọ̀rọ̀ kan tí èèyàn ò ní rí. Tí aṣọ ò bá dúdú, ìpele yẹn ṣì wà, ẹ lè máa lọ díẹ̀díẹ̀, àbàwọ́n fẹ́rẹ́fẹ́ lè bẹ́ẹ̀ lọ. Tí aṣọ bá dúdú kíá, ẹ ti kan álúmínọ́mù tí ò bò. Ìgbà yẹn ẹ ti wọ iṣẹ́ nìyẹn o, torí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀ yí ọkọ̀ ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tẹ́ ẹ ṣe á máa dán yọyọ bíi dígí, ìyókù á máa ṣe kúkúkú. Èyí tó bá ti jẹrà gan-an, sáńpépà 2000 pẹ̀lú omi, lẹ́yìn náà 3000, kẹ́ ẹ tó gbé fóòmù kékeré onímílímítà 75 àti pólíìṣì irin lé e. Téépù lórí pẹ́ǹtì, téépù lórí rọ́bà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi nǹkan bò ó, coating (èròjà olómi tó máa ń gbẹ di ìpele ààbò) tàbí wáàsì, torí álúmínọ́mù tó wà níhòòhò kì í pẹ́ ṣú.

Tó bá jẹ́ ike tí wọ́n fi kúróòmù bò ni, ẹ gbé sáńpépà jìnnà sí i. Kúróòmù tó wà lórí ẹ̀ kì í tó máíkírónù kan. Tó bá ti lu wẹ́wẹ́, pólíìṣì kankan ò lè dá a padà.

Ọwọ́Wẹ́rẹ́:
Èmi á mú ti ike dúdú dídán àárín ilẹ̀kùn. Òun lẹ lè gbé ẹ̀rọ lé nínú àwọn ike yín. Ẹ kọ́kọ́ fi èékánná wo etí ẹ̀ bóyá kì í ṣe sítíkà ni wọ́n lẹ̀ sí i, torí àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ sítíkà, ìyẹn ò gba pólíìṣì.

Fóòmù tó rọ̀ jù lọ nínú èyí tẹ́ ẹ ní, pólíìṣì tó kúnná jù lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti kóńpáùndì, ìyẹn pólíìṣì tó ń gé jù. Tí nọ́ńbà ẹ̀rọ yín bá dé 6, ẹ fi í sí 2 tàbí 3. Ẹ kán pólíìṣì bí i mẹ́ta tó tó ẹ̀wà sójú fóòmù, ẹ fi tẹ ojú ike kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ kó má baà ta káàkiri, ẹ wá lọ ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin láì di ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹ dúró. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, tó bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kì í tètè dé ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kẹ́ ẹ tó wá gòkè.

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n rèé: mo ṣe é tán, ó dára, mo wá fi táwẹ̀lì tó ti jábọ́ sílẹ̀ rí nù ún, gbogbo àlà yẹn padà wá níṣojú mi. Ike yẹn rọ̀ ju pẹ́ǹtì lọ, táwẹ̀lì tó mọ́ tó sì rọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ lò, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ỌdúnMéjìlá:
Ẹ ṣé gan-an ni, inú mi dùn pé mo bèèrè. Mo ti da omi lé ike bọ́ńpà, ó dúdú dáadáa, àfi ti abẹ́ wáípà tó jẹ́ pé bó ṣe tutù náà ó ṣì rí bí eérú. Kí ni kí n wá fi pa á? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi linseed oil, òróró hóró flax, pa á, pé ó dáa ju gbogbo ọjà lọ.

ÌyáOnímọ́tò:
Ẹ má ṣe é o, tàbí tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ ṣọ́ àkísà ẹ̀. Tí linseed oil bá ń gbẹ, ó máa ń mú ooru jáde fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ká àkísà náà jọ sínú garawa, ooru yẹn ò ríbi lọ, ó lè gbiná láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Iná ti jó ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn báyẹn. Ẹ tẹ́ àkísà yẹn sílẹ̀ níta títí á fi gbẹ tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi. Lára ike náà sì rèé, ó máa ń gba eruku. Ẹ má sì jẹ́ kí òróró tó wá láti inú pẹtiróòlù kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, EPDM ni ọ̀pọ̀ wọn, ó máa ń mú un wú ni.

Ọ̀gáAfọkọ̀:
Omi tẹ́ ẹ dà yẹn ti dáhùn fún yín. Èyí tó dúdú nígbà tó tutù, coating tó wà fún ike máa gbé e padà, irú bíi Gtechniq C4 tàbí CarPro DLUX. Èyí tó ṣì rí bí eérú nínú omi, àwọ̀ ẹ̀ ló ti lọ, ẹ máa kọ́kọ́ lo èyí tó ní àwọ̀ dúdú nínú, bíi Solution Finish, torí coating ò láwọ̀. Àwọn ìpara olómi lásán dáa, àmọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, òjò mélòó kan ti gbé e lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń fi coating sí i, ẹ wọ gílóòfù, ẹ lẹ téépù mọ́ gbogbo pẹ́ǹtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kán díẹ̀ sí aṣọ kékeré, ẹ fi pa ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ fi aṣọ míì nù ún kó dọ́gba kẹ́ ẹ tó lọ sí ibòmíì. Kó má pọ̀, ibi tó bá pọ̀ sí máa ń dán yàtọ̀. Kí omi má kàn án fún wákàtí 24. Tèmi ti lo oṣù 14 báyìí, omi ṣì ń yí kúrò lórí ẹ̀.

Ọkọ̀ỌdúnMéjìlá:
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Bọ́ńpà iwájú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ̀ ọ́. Tẹ̀yìn gba ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ fi sílẹ̀ ní ìgbà kẹrin, mo rántí táwẹ̀lì Ìyá wa, mo tún bẹ̀rẹ̀. Írésà yẹn kó pólíìṣì jáde bí ẹni fọwọ́ mú un. Mo fi coating sí i, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, dúdú ẹ̀ ò yẹ̀. Abẹ́ wáípà, mo lo aláwọ̀ dúdú, ó ti dúdú báyìí, àmọ́ ibi tó ti là gan-an ṣì ń hàn, máa pààrọ̀ ìyẹn tó bá yá. Ike àárín ilẹ̀kùn ti mọ́, nọ́ńbà 2 tó o, mi ò dé 3.

Irin wíńdò ni mi ò tíì ṣe. Mo dán an wò ní kọ̀rọ̀, aṣọ dúdú kíá. Mo fi sílẹ̀ di ìgbà tí máa ráyè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí Onírin ṣe wí. Títí dìgbà yẹn, ọṣẹ wo ni kí n fi máa fọ ọkọ̀?

Onírin:
Ọṣẹ ìfọkọ̀ tí ò le, tí wọ́n kọ pH neutral sí lára, ìyẹn tí kì í ṣe ásíìdì tí kì í sì í ṣe álíkálì, òun náà ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọkọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fọ́n sí i kí wọ́n tó fọ́n ọn.

Ọ̀gáAfọkọ̀:
Ẹ sì ra téépù tó fẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé ẹ̀rọ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ fi bo ike abẹ́ wáípà àti etí bọ́ńpà, ẹ fi èékánná tẹ etí téépù náà kó lẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe tán kẹ́ ẹ fà á kúrò lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́ ọn nínú oòrùn.